Bí Ẹ Ṣe Lè Tú Nọ́ńbà Ńlá Palẹ̀: 123,456,789 Lábẹ́ Bírò

Tí wọ́n bá gbé nọ́ńbà alámì mẹ́sàn-án síwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́n á wò ó, wọ́n á ní ó mà pọ̀ o, wọ́n á sì kọjá lọ. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ní inú, inú rẹ̀ sì ṣeé wò pẹ̀lú bírò, ìwé díẹ̀ àti sùúrù. Kò pọn dandan kí ẹ jẹ́ olùkọ́ ìṣirò. Ẹni tó bá mọ àròpọ̀, ìyọkúrò, ìsọdipúpọ̀ àti pínpín ti tó bẹ̀rẹ̀.

Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni a ó fi ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: 123,456,789. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yàn án nítorí pé ó máa ń tan ènìyàn jẹ. Ojú rẹ̀ tò létòletò débi pé ẹni tó bá rí i á rò pé inú rẹ̀ náà tò bẹ́ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fa ilà sáàárín ìwé yín. Lókè apá òsì, ẹ kọ "ti ìkọsílẹ̀". Lókè apá ọ̀tún, ẹ kọ "ti nọ́ńbà fúnra rẹ̀". Gbogbo ohun tí a bá rí gbọ́dọ̀ bọ́ sí ọ̀kan nínú méjèèjì. Ti ìkọsílẹ̀ ni ohun tó wà nítorí pé ẹ̀wá-ẹ̀wá ni a fi ń kọ nọ́ńbà lónìí. Bí a bá yí ọ̀nà ìkọsílẹ̀ padà, yóò pòórá. Ti nọ́ńbà fúnra rẹ̀ ni ohun tí kò ní yí padà bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ẹyọ ni ẹ kó jọ sílẹ̀ tí ẹ ò kọ ohunkóhun. Àwọn ènìyàn máa ń da méjèèjì pọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe nọ́ńbà kan ní "àràmàǹdà" nígbà tó jẹ́ pé aṣọ rẹ̀ ni wọ́n ń wò.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ pè é, kí ẹ sì mọ bó ṣe tóbi tó

Ẹ fi àmì ìdánudúró pín in ní mẹ́ta-mẹ́ta láti apá ọ̀tún: 123, lẹ́yìn náà 456, lẹ́yìn náà 789. Pípè rẹ̀ ní Yorùbá ni mílíọ̀nù mẹ́tàlélọ́gọ́fà, ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, àti ẹgbẹ̀rin ó dín mọ́kànlá. Ẹ wo bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà ní kété tí a pè é. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ 7, 8, 9 ti lọ. 800 tí a yọ 11 kúrò nínú rẹ̀ ni etí gbọ́. Tí ẹ bá fẹ́ kà á ní ọ̀kẹ́ bí àwọn àgbà ṣe ń ka owó ẹyọ, tí ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000, ọ̀kẹ́ 6,172 ni, pẹ̀lú 16,789 lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn pípè, ẹ wá nọ́ńbà tí a bá fi lu ara rẹ̀ tí yóò sún mọ́ ọn jù lọ. 11,111 lọ́nà 11,111 jẹ́ 123,454,321. 11,112 lọ́nà 11,112 jẹ́ 123,476,544. Tiwa wà láàárín wọn, nítorí náà kò sí odidi nọ́ńbà tí a lè fi lu ara rẹ̀ kí ó fún wa ní 123,456,789. Láti ìsinsìnyí lọ, n ó máa pe irú nọ́ńbà tó jáde láti inú fífi ara lu ara bẹ́ẹ̀ ní ìlọ́po ara-ẹni: 49 jẹ́ ọ̀kan nítorí 7 lọ́nà 7, 144 jẹ́ ọ̀kan nítorí 12 lọ́nà 12. Tiwa kì í ṣe ìlọ́po ara-ẹni. Ẹ kọ ìyẹn sí apá ọ̀tún. Tí ẹ bá yọ 123,454,321 kúrò nínú 123,456,789, ohun tó kù ni 2,468. Mo mọ̀ pé ẹ rẹ́rìn-ín. Apá òsì ni ìyẹn ń lọ.

Nọ́ńbà 11,111 yẹn ṣe pàtàkì fún ìdí mìíràn. Bí nọ́ńbà wa bá jẹ́ nọ́ńbà méjì tí a sọ di púpọ̀, ó kéré tán ọ̀kan nínú méjèèjì kò ní ju 11,111 lọ, torí pé bí àwọn méjèèjì bá jù ú lọ, tí a bá sọ wọ́n di púpọ̀, wọ́n á kọjá tiwa. Odi tí ìwákiri wa kò ní kọjá nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ fi ojú yọ àwọn nọ́ńbà kéékèèké

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé: nọ́ńbà wo ló lè pín 123,456,789 láìṣẹ́kù? Práìmù nìkan ni ẹ nílò láti dán wò, ìyẹn nọ́ńbà bíi 2, 3, 5, 7, 11, 13 tí kò sí ohun tó lè pín wọn yàtọ̀ sí 1 àti àwọn fúnra wọn. Bí 2 kò bá pín in, 4, 6 àti 8 kò lè pín in, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú.

Fún 2 àti 5, àmì tó gbẹ̀yìn ti tó. Ó parí sí 9, nítorí náà 2 kò wọ̀ ọ́, 5 kò wọ̀ ọ́.

Fún 3 àti 9, ẹ ro gbogbo àmì rẹ̀ pọ̀: 1, 2, 3, títí dé 9, ó jẹ́ 45. 9 pín 45 láìṣẹ́kù, nítorí náà 9 pín nọ́ńbà náà láìṣẹ́kù. Ìdí tí èyí fi ń ṣiṣẹ́ ni pé 10 fi 1 ju 9 lọ, 100 fi 1 ju 99 lọ, 1,000 fi 1 ju 999 lọ. Tí a bá ti kó gbogbo ẹ̀sán-ẹ̀sán inú wọn dànù, ohun tó ṣẹ́kù ni àwọn àmì náà lásán. Láti ibí, ohun kan jáde tí mo fẹ́ràn gan-an: ọ̀nà 362,880 ló wà láti to àmì 1 dé 9 láìtún èyíkéyìí kọ, àròpọ̀ gbogbo wọn sì jẹ́ 45. Ẹ tò wọ́n bó ṣe wù yín, práìmù kankan kò lè jáde níbẹ̀ láéláé.

Fún 7, 11 àti 13, ọgbọ́n kan ṣoṣo ló kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. 7 lọ́nà 11 lọ́nà 13 jẹ́ 1,001. Ẹ mú àwọn mẹ́ta-mẹ́ta tí ẹ ti pín sílẹ̀ láti apá ọ̀tún, ẹ yọ kí ẹ sì rò ó pọ̀ ní ìkọ̀ọ̀kan: 789, ẹ yọ 456, ẹ fi 123 kún un. Ó jẹ́ 456. Ìṣẹ́kù tí 456 bá ní lórí 7, 11 tàbí 13 náà ni ìṣẹ́kù 123,456,789. 455 jẹ́ 5 lọ́nà 7 lọ́nà 13, nítorí náà 456 ṣẹ́ 1 kù lórí 7, ó sì ṣẹ́ 1 kù lórí 13. Lórí 11, ó ṣẹ́ 5 kù. Kò sí ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wọ̀ ọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ kọ ọ́ ní ogún-ogún

Ìgbésẹ̀ yìí kò pọn dandan, ṣùgbọ́n ó yẹ ọmọ Yorùbá, ó sì fi ohun tí ìlà àárín ìwé yín wà fún hàn. Ogún ni gbòǹgbò òǹkà wa: ogójì jẹ́ ogún méjì, ọgọ́ta jẹ́ ogún mẹ́ta, irinwó jẹ́ ogún lọ́nà ogún. Òótọ́ ni pé lókè irinwó, igba, ẹgbàá àti ọ̀kẹ́ máa ń wọ inú ọ̀rọ̀, òǹkà wa kì í fi ogún lu ogún gbọọrọ lọ. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí a kò lè ṣe é fún ìṣirò?

Ẹ pín nọ́ńbà náà sí 20, ẹ kọ ìṣẹ́kù sílẹ̀, ẹ tún pín ohun tó jáde sí 20, títí yóò fi tán:

123,456,789 sí 20: 6,172,839, ó ṣẹ́ku 9
6,172,839 sí 20: 308,641, ó ṣẹ́ku 19
308,641 sí 20: 15,432, ó ṣẹ́ku 1
15,432 sí 20: 771, ó ṣẹ́ku 12
771 sí 20: 38, ó ṣẹ́ku 11
38 sí 20: 1, ó ṣẹ́ku 18
1 ló kù.

Tí ẹ bá kà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè: 1, 18, 11, 12, 1, 19, 9. Níbo ni ẹwà ọjọ́sí wà? Ó ti lọ. Bí àwọn baba ńlá wa bá kọ nọ́ńbà yìí sílẹ̀ ní ogún-ogún, ẹnikẹ́ni ò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ṣùgbọ́n ogún fún wa ní ohun tí ẹ̀wá kò fún wa. Bí àròpọ̀ àmì ṣe ń dán 9 wò nígbà tí a bá fi ẹ̀wá kọ nọ́ńbà, bẹ́ẹ̀ ló ń dán 19 wò nígbà tí a bá fi ogún kọ ọ́. Ẹ rò wọ́n pọ̀: 1 àti 18 àti 11 àti 12 àti 1 àti 19 àti 9 jẹ́ 71. Ẹ yọ 57, tó jẹ́ 19 lọ́nà 3, ó ku 14. Nítorí náà 123,456,789 ṣẹ́ 14 kù lórí 19, 19 kò sì wọ̀ ọ́. Tí ẹ bá wá ń yọ tí ẹ ń fi kún un ní ìkọ̀ọ̀kan láti apá ọ̀tún, 21 ni ẹ ń dán wò, tó túmọ̀ sí 3 àti 7 lẹ́ẹ̀kan náà. 9, ẹ yọ 19, ẹ fi 1 kún un, ẹ yọ 12, ẹ fi 11 kún un, ẹ yọ 18, ẹ fi 1 kún un: ó wọ gbèsè 27. Ẹ fi 42 san gbèsè náà, 15 ló kù. 3 pín 15 láìṣẹ́kù. Lórí 7, 15 ṣẹ́ 1 kù. Ìdáhùn kan náà tí a rí ní ìgbésẹ̀ kejì nìyẹn. Ìrísí yí padà pátápátá, àwọn ìṣẹ́kù kò yẹsẹ̀. Apá ọ̀tún ni ìṣẹ́kù ń gbé.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ yọ 9 kúrò, kí ẹ sì fọ́ ohun tó kù

123,456,789 tí a pín sí 9 jẹ́ 13,717,421. Àròpọ̀ àmì rẹ̀ jẹ́ 26, nítorí náà 3 ti tán nínú rẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ gidi wà nìyí.

Ọ̀nà tó ṣe tààrà ni kí ẹ máa dán práìmù wò lọ́kọ̀ọ̀kan: 17, 19, 23, 29 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kò lè kùnà. Ṣùgbọ́n lórí nọ́ńbà yìí, ẹ ó dán práìmù bíi 500 wò kí ẹ tó kan èyí tó wọ̀ ọ́, ọ̀pọ̀ ló sì máa ń jáwọ́ kí wọ́n tó débẹ̀. Ọ̀nà kejì ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́. Pierre de Fermat, amòfin ní Toulouse ní ilẹ̀ Faransé, fi í hàn nínú lẹ́tà kan ní 1643, níbi tó ti fọ́ 2,027,651,281 sí 44,021 lọ́nà 46,061, ní ayé tí kò tíì sí kọ̀ǹpútà.

Ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò le. Tí ẹ bá mú ìlọ́po ara-ẹni kan, tí ẹ yọ ìlọ́po ara-ẹni mìíràn kúrò nínú rẹ̀, ohun tó kù ṣeé fọ́ sí méjì kíá: ìyàtọ̀ àwọn nọ́ńbà méjèèjì lọ́nà àròpọ̀ wọn. Ẹ fi 10 àti 3 dán an wò: 100 yọ 9 jẹ́ 91, ìyẹn 7 lọ́nà 13. Nítorí náà, dípò kí a máa wá ohun tó lè pín 13,717,421, a ó wá ìlọ́po ara-ẹni tó ga jù ú lọ díẹ̀, tó sì jẹ́ pé ohun tó fi jù ú lọ náà jẹ́ ìlọ́po ara-ẹni.

Ẹ wá ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. 3,703 lọ́nà ara rẹ̀ jẹ́ 13,712,209, ó kéré. 3,704 lọ́nà ara rẹ̀ jẹ́ 13,719,616, ó ti kọjá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

3,704: 13,719,616 yọ 13,717,421 jẹ́ 2,195. Ṣé ìlọ́po ara-ẹni ni? Ẹ má wulẹ̀ ṣírò. Ìlọ́po ara-ẹni tó bá parí sí 5 gbọ́dọ̀ parí sí 25, èyí sì parí sí 95. Ẹ jù ú nù.

3,705: kò yẹ kí ẹ tún sọ ọ́ di púpọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Láti ìlọ́po ara-ẹni kan sí èyí tó tẹ̀ lé e, ẹ kàn fi àròpọ̀ àwọn nọ́ńbà méjèèjì kún un: 3,704 àti 3,705 jẹ́ 7,409, nítorí náà 13,719,616 di 13,727,025. Ẹ yọ 13,717,421. Ó ku 9,604.

9,604 jẹ́ 98 lọ́nà 98.

Ó tán. 3,705 yọ 98 jẹ́ 3,607. 3,705 àti 98 jẹ́ 3,803. Nítorí náà 13,717,421 jẹ́ 3,607 lọ́nà 3,803. Ohun tí ìbá gba gbogbo ọ̀sán fi ìlà méjì tán. Ẹni tó bá tilẹ̀ kíyè sí i pé 13,717,421 ṣẹ́ 1 kù lórí 4 ìbá ti fo 3,704, nítorí pé irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ kò lè jáde àyàfi tí ìlọ́po ara-ẹni tó tóbi bá jẹ́ ti nọ́ńbà tí 2 kò lè pín.

Ìdí tó fi yá kánkán bẹ́ẹ̀ ni pé 3,607 àti 3,803 sún mọ́ra. 196 péré ló wà láàárín wọn. Bí wọ́n bá jìnnà síra, ọ̀nà Fermat lè gùn ju dídán práìmù wò lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré ìwé lásán. Ìlànà ìpamọ́ àṣírí RSA, tí Rivest, Shamir àti Adleman gbé jáde ní 1977, dúró lórí pé ó ṣòro láti fọ́ nọ́ńbà ràgàjì tó jẹ́ práìmù méjì tí a sọ di púpọ̀. Bí ẹni tó ń ṣe kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bá lọ yan práìmù méjì tó sún mọ́ra jù, ọgbọ́n 1643 yìí lè ṣí i.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ rí i dájú pé ẹ ti dé ìsàlẹ̀

Ẹ má tíì yọ̀. Ta ló sọ pé 3,607 àti 3,803 kò tún ṣeé fọ́? Ibí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń kánjú. Ẹ rántí odi wa: fún 3,607, práìmù tí kò ju 60 lọ nìkan ni ẹ nílò, nítorí 61 lọ́nà 61 ti jẹ́ 3,721. Fún 3,803, ẹ dé 61. Ẹ ti mọ̀ pé 2, 3 àti 5 kò wọ inú wọn. Ẹ dán ìyókù wò, kí ẹ sì kọ ìṣẹ́kù sílẹ̀ kó má baà di pé ẹ ń tún un ṣe:

3,607 lórí 7 ṣẹ́ 2 kù. Lórí 11, 10. Lórí 13, 6. Lórí 17, 3. Lórí 19, 16. Lórí 23, 19. Lórí 29, 11. Lórí 31, 11. Lórí 37, 18. Lórí 41, 40. Lórí 43, 38. Lórí 47, 35. Lórí 53, 3. Lórí 59, 8.

3,803 lórí 7 ṣẹ́ 2 kù. Lórí 11, 8. Lórí 13, 7. Lórí 17, 12. Lórí 19, 3. Lórí 23, 8. Lórí 29, 4. Lórí 31, 21. Lórí 37, 29. Lórí 41, 31. Lórí 43, 19. Lórí 47, 43. Lórí 53, 40. Lórí 59, 27. Lórí 61, 21.

Kò sí òdo kankan níbẹ̀. Práìmù ni àwọn méjèèjì. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sí apá ọ̀tún:

123,456,789 = 3 × 3 × 3,607 × 3,803

Kò sí ọ̀nà mìíràn láti fọ́ ọ. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ibòmíràn, tó kọ ọ́ ní ogún-ogún, tàbí tó fi owó ẹyọ tò ó, àwọn práìmù kan náà ni yóò bá nísàlẹ̀. Ẹ wá wo àwọn méjì yẹn dáadáa, 3,607 àti 3,803. Kò sí ẹwà kankan lára wọn, wọn ò sì mọ̀ pé 1, 2, 3, 4 ni a tò sókè.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ kórè

Tí práìmù bá ti jáde, ìyókù rọrùn. Gbogbo ìbéèrè pàtàkì nípa nọ́ńbà náà ni ìlà kan ṣoṣo yẹn lè dáhùn.

Mélòó ni nọ́ńbà tó lè pín in láìṣẹ́kù? Ẹ lè mú 3 lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan tàbí kí ẹ má mú un rárá, ọ̀nà mẹ́ta nìyẹn. Ẹ lè mú 3,607 tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀, ọ̀nà méjì. 3,803 bákan náà. 3 lọ́nà 2 lọ́nà 2 jẹ́ 12. Ẹ tò wọ́n ní méjì-méjì kí ìkankan má baà sọnù: 1 àti 123,456,789, 3 àti 41,152,263, 9 àti 13,717,421, 3,607 àti 34,227, 3,803 àti 32,463, 10,821 àti 11,409. Ọ̀nà mẹ́fà yìí náà ni ọ̀nà tí ẹ lè gbà kọ nọ́ńbà wa gẹ́gẹ́ bí ìlọ́po ara-ẹni tí a yọ òmíràn kúrò nínú rẹ̀. Láti ara èyí tó gbẹ̀yìn, 11,115 lọ́nà ara rẹ̀, ẹ yọ 294 lọ́nà ara rẹ̀.

Kí ni àròpọ̀ àwọn méjìlá náà? Ẹ má rò wọ́n pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ro 1, 3 àti 9 pọ̀, ó jẹ́ 13. Ẹ fi 1 kún 3,607, kí ẹ sì fi 1 kún 3,803. 13 lọ́nà 3,608 lọ́nà 3,804 jẹ́ 178,422,816. Tí a bá yọ nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀ kúrò, ó ku 54,966,027. Àwọn Gíríìkì àtijọ́ máa ń fi èyí wọn nọ́ńbà. 6 pé, nítorí pé 1, 2 àti 3 tó ń pín in jẹ́ 6 gan-an. Tiwa kò pé; ohun tó ń pín in kò tó ìdajì rẹ̀ pàápàá. Nọ́ńbà tí kò ní ju práìmù mẹ́ta nínú, tí méjì sì tóbi báyìí, kò lè ní ọ̀pọ̀ ohun tó ń pín in.

Ẹ ka àwọn nọ́ńbà láti 1 títí dé 123,456,789 tí wọn kò ní ohunkóhun tó ń pín àwọn àti 123,456,789 yàtọ̀ sí 1. Leonhard Euler, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ló fi hàn bí a ṣe ń rí iye wọn láìkà wọ́n: 6 lọ́nà 3,606 lọ́nà 3,802, ìyẹn 82,260,072. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá méjì nínú mẹ́ta. 3 ló jẹ ìdá kan. 3,607 àti 3,803 kàn já díẹ̀díẹ̀ lára ohun tó kù.

Ṣé ẹ lè kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí àròpọ̀ ìlọ́po ara-ẹni méjì? Ó ṣẹ́ 1 kù lórí 4, tó jẹ́ àmì rere, ẹni tó bá sì kánjú á bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn. Kò sí wọn. Òfin rẹ̀ ni pé práìmù tó bá ṣẹ́ 3 kù lórí 4 gbọ́dọ̀ fara hàn ní ìlọ́po méjì-méjì. 3 fara hàn lẹ́ẹ̀mejì, ó dára. Ṣùgbọ́n 3,607 ṣẹ́ 3 kù lórí 4, ẹ̀ẹ̀kan ló sì wà níbẹ̀. 3,803 náà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò kọ́kọ́ fọ́ ọ ìbá máa wá ohun tí kò sí títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ṣé ó jẹ́ àròpọ̀ 1, 2, 3, 4 títí dé ibì kan? Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́jọ, kí ẹ fi 1 kún un: 987,654,313. Tó bá jẹ́ àròpọ̀ bẹ́ẹ̀ ni, èyí ìbá jẹ́ ìlọ́po ara-ẹni, ìlọ́po ara-ẹni kankan kì í sì parí sí 3. Rárá ni ìdáhùn.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ fún apá òsì ní tirẹ̀

N kò kórìíra ẹwà ìkọsílẹ̀ o. Mo kàn fẹ́ kí ó mọ ààyè rẹ̀ ni. Ẹ sọ 123,456,789 di púpọ̀ pẹ̀lú 2: 246,913,578. Pẹ̀lú 4: 493,827,156. Pẹ̀lú 5: 617,283,945. Pẹ̀lú 7: 864,197,523. Pẹ̀lú 8: 987,654,312. Nínú gbogbo wọn, àmì 1 dé 9 pé, kò sí èyí tó tún ara rẹ̀ ṣe. Pẹ̀lú 3, ó bàjẹ́: 370,370,367.

Pẹ̀lú 9, kí ẹ wá fi 10 kún un, ó di 1,111,111,111. Èyí ní àlàyé tó dùn. Ẹ kọ 111,111,111 sílẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, 11,111,111. Lábẹ́ rẹ̀, 1,111,111. Ẹ máa dín 1 kan kù títí ẹ ó fi kan 1 nìkan. Ẹ rò wọ́n pọ̀: ọwọ̀n apá ọ̀tún pátápátá ní 1 mẹ́sàn-án, èyí tó tẹ̀ lé e ní mẹ́jọ, títí dé ọwọ̀n tó ní ẹyọ kan. 123,456,789 ló jáde. Tí ẹ bá wá sọ ìlà kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po mẹ́sàn-án, ó di 9 gbalaja, tó fi 1 dín sí 10, 100, 1,000, bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ro àwọn mẹ́wàá, ọgọ́rùn-ún àti ẹgbẹ̀rún wọ̀nyẹn pọ̀, ẹ yọ 9 tí a jẹ, ó jẹ́ 1,111,111,101.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ fi ẹ̀rọ yẹ ara yín wò

Ẹ fi èyí sí ìkẹyìn, kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ ìṣirò kékeré tí wọ́n ń tà lọ́jà sábà máa ń gba àmì mẹ́jọ péré, nọ́ńbà wa sì ní mẹ́sàn-án. Kò ní wọlé. Ti fóònù máa ń gbà á. Ẹ sọ 9 di púpọ̀ pẹ̀lú 3,607, kí ẹ sì sọ ohun tó jáde di púpọ̀ pẹ̀lú 3,803. Bí kò bá padà sí 123,456,789, ẹ ti ṣìnà níbì kan. Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux lè kọ "factor 123456789", yóò sì dáhùn lójú ẹsẹ̀: 3 3 3607 3803. Ó dára fún àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n kò ní sọ fún yín ìdí tí nọ́ńbà náà kò fi lè jẹ́ àròpọ̀ ìlọ́po ara-ẹni méjì.

Iṣẹ́ tó kù sí yín lọ́wọ́

Ẹ mú 987,654,321, kí ẹ sì ṣe gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. 9 wọ̀ ọ́, ẹ ti mọ ìdí. N ó fi ọ̀nà àbùjá kan hàn yín: 123,456,789 lọ́nà 8, pẹ̀lú 9 lórí rẹ̀, jẹ́ 987,654,321 gan-an. Èyí túmọ̀ sí pé ohunkóhun tó bá pín àwọn méjèèjì láìṣẹ́kù gbọ́dọ̀ pín 9 náà; yàtọ̀ sí 3, práìmù kankan kò so wọ́n pọ̀. Nítorí náà ẹ má wá 3,607 tàbí 3,803 níbẹ̀.

Ó tún túmọ̀ sí pé ẹ lè fi ìṣẹ́kù ọ̀kan mọ ìṣẹ́kù èkejì. 123,456,789 ṣẹ́ 1 kù lórí 17. 8 lọ́nà 1, ẹ fi 9 kún un, ó jẹ́ 17. Nítorí náà 17 pín 987,654,321 láìṣẹ́kù, ó tilẹ̀ wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn 9 àti 17 méjèèjì, ohun tí yóò kù ni 379,721. Ọ̀nà Fermat kò ní ràn yín lọ́wọ́ lórí ìyẹn. Práìmù ni, ẹ ó sì ní láti dán gbogbo práìmù tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ títí dé 613 wò kí ẹ tó lè fọwọ́ sọ̀yà.